Ọ̀rọ̀ Aṣínà Tí Gbogbo Abúlé Mọ̀

Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí Mama Kosiwa rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Inú oko àlùbọ́sà ni ìyá àgbà wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tu koríko. Ó nàró, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ yòókù kò tíì jáde. Ọmọ náà nìkan ni ó ń bọ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tí ó ń lọ.

"Aku, ta ló lé ẹ wálé?"

Ọmọ náà na ìwé kan sí ìyá àgbà.

"O mọ̀ pé n ò mọ̀wé. Kà á."

"Mama..."

"Mo ní kà á. Àbí kí n máa wò ó bí àwòrán?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Nílé, Aku ni wọ́n ń pè é nítorí pé Ọjọ́rú ni wọ́n bí i, bí gbogbo ọmọ abúlé náà ṣe ń jẹ́ orúkọ ọjọ́ tí wọ́n wá sáyé. Ní ilé ẹ̀kọ́, Elinam ni. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá Tema; ọmọ náà àti ìyá àgbà ni wọ́n jọ ń gbé. Ó ṣí ìwé náà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀sùn ara rẹ̀ sókè.

Ìwé náà sọ pé ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Elinam ti kíláàsì karùn-ún kọ èébú sí ojú ewé kíláàsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ọmọ àti òbí ti lè kà á. Ohun tí ó kọ ni pé omi ọ̀sà oníyọ̀ ni ìyá Sefakor fi ń bomi rin àlùbọ́sà rẹ̀, àti pé ìdí nìyẹn tí Sefakor fúnra rẹ̀ fi ń rùn bí ẹja tó kú sétí omi. Kí alágbàtọ́ rẹ̀ wá ní àárọ̀ ọ̀la. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ti àwọn kọ̀ǹpútà náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n mọ́.

Mama Kosiwa gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Rárá, Mama. Orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀, àmọ́ èmi kọ́."

Ìyá àgbà ronú. Ní aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pọn omi kànga sí ebè títí ilẹ̀ fi ṣú. Fóònù kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni fóònù tọ́ọ̀ṣì tí ó wà ní ìdí ìró rẹ̀, èyí tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìyá àgbà fún ọmọ-ọmọ ẹ̀, ta ló máa gbà á? Gbé agolo, jẹ́ ká pọnmi. Àlùbọ́sà ò mọ̀ pé wọ́n fẹ̀sùn kàn ẹ́."

*

Dada Mawusi, ìyá Sefakor (‘Dada’ ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀), ti dé kíláàsì ṣáájú wọn lọ́jọ́ kejì. Ó dúró, kò jókòó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Agbenyo, dúró tì í, ó mú ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ méjìlélógójì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹni tí ó ń mira.

"Mama Kosiwa, ẹ káàárọ̀," ni Dada Mawusi wí. "Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ wẹ Sefakor fún mi nígbà tí mo bí i. Àmọ́ oníbàárà méjì ti bi mí ní Àbámẹ́ta bóyá lóòótọ́ ni mò ń lo omi ọ̀sà. Ọ̀kan mú àlùbọ́sà mi, ó jẹ ẹ́ níṣojú mi, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí!"

"Èébú ńlá ni, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ ọmọ mi ló ṣe é, èmi fúnra mi ni n óò mú un wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ. Òun kọ́."

"Orúkọ ẹ̀ ni mo fojú mi rí!"

"Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi sára ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá rẹ, ṣé èmi ni mo jẹ gbágùúdá?"

Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wò ó, ẹ̀rín náà sì kú.

"Ẹ má jẹ́ ká fàkókò ṣòfò," ni Ọ̀gbẹ́ni Agbenyo wí. "Látọjọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà yìí ti dé ni mo ti sọ pé ọmọdé ò tó wọn í lò. N óò tì wọ́n pa lónìí. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ò tíì bú ẹnikẹ́ni rí."

Madam Akpene, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ó dìde láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ tó ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mo fẹ́ kí Mama Kosiwa bá mi ṣe iṣẹ́ kan."

Ó gbé ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́fà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní, ó gbé e síwájú ìyá àgbà.

"Mama, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tiẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ aṣínà la fi ń wọlé, bíi kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yẹn lè wọlé lórí fóònù èyíkéyìí, níbikíbi tó bá wà. Ṣé ẹ ti lo irú nǹkan yìí rí?"

"Èmi? Ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi lánàá, tí mo bá dì í mú lódì, n ò lè mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Selorm, ṣé o gbà ká fi tìrẹ dánra wò?"

Selorm rẹ́rìn-ín. "Mo gbà, Madam. Wọn ò lè ṣí tèmi."

"Mama, kí ni wọ́n ń pè é nílé?"

"Èyí? Kodzo ni. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí i. Èmi ni mo da omi sórí òrùlé lọ́jọ́ ìkómọjáde rẹ̀. Ó ké débi pé adìẹ sá kúrò ní àgbàlá."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Madam Akpene tẹ orúkọ náà, ó fi nọ́ńbà 5 tì í lẹ́yìn nítorí pé kíláàsì karùn-ún ni wọ́n wà. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí Selorm nìkan, kí àwọn yòókù má baà rí máàkì rẹ̀.

Selorm fò dìde. "Háà! Madam! Ojú ewé mi nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Jókòó. Sefakor, ṣé o gbà?"

Sefakor mi orí pé òun gbà. Kí olùkọ́ tó béèrè, Mama Kosiwa ti dáhùn: "Afi ni. Ọjọ́ Ẹtì." Olùkọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Dada Mawusi sún mọ́ ọn, ó wo ojú ewé ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Elinam ńkọ́?"

"Ẹ̀ ń bi mí ní Aku tèmi?"

Ó ṣí.

Ìyá àgbà wo kọ̀ǹpútà náà, ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ dúró ná. Èmi tí n ò mọ̀wé, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Mama."

"Àṣé èmi ni olè tó gbóná jù lábúlé! Ọ̀gá yín pàápàá, Yao ni, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí i, ìdodo rẹ̀ rí gbọ̀ngbọ̀n bí..."

"Tèmi ò pọndandan, Mama," ni Ọ̀gbẹ́ni Agbenyo yára wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí àpò tí fóònù rẹ̀ wà. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rí i tí ó dá jókòó sábẹ́ igi àgbọn, tí ó ń yí nǹkan padà lórí fóònù náà.

Madam Akpene kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àwọn àgbà.

"Ẹ̀bi mi ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, n ò ní fi pamọ́. Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ aṣínà, mo ní kí wọ́n mú ohun tí wọn ò ní gbàgbé. N ò sọ pé kó jẹ́ ohun tí ẹlòmíì ò mọ̀. Ọmọ kan kọ orúkọ ọjọ́ ìbí ẹ̀, ó fi nọ́ńbà kíláàsì sí i, gbogbo àwọn tó kù sì tọ̀ ọ́ bí àgùntàn. Mo rí i, mo ní n óò tún un ṣe tó bá yá. N ò tún un ṣe. Dada Mawusi, orúkọ tó wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lábúlé yìí ló lè kọ ọ́. Ẹ̀yin pàápàá lè kọ ọ́."

"Mo gbọ́," ni Dada Mawusi wí. Ó jókòó nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta wá ni?"

"N ò ní fojú yan ọmọ kankan."

Olùkọ́ rìn lọ síwájú kíláàsì, ó dúró níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa ń kọ orúkọ sórí iyanrìn etí òkun. Ìgbì kan dé, ó pa á rẹ́. Ohun tí ẹ bá kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò rí bẹ́ẹ̀. Àná ni mo pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kúrò lójú ewé wa, àmọ́ ó ti dé ọjà ṣáájú mi. Bóyá ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé ó máa rìn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ fún wa, a máa bá a tún un ṣe. Tó bá dákẹ́, Elinam ló máa ru ẹrù ẹ̀, ẹni náà á sì máa wò ó lójoojúmọ́ níbi tó ti ń rù ú."

Lórí bẹ́ǹṣì tí Elinam jókòó sí, ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an dìde. Dzifa ni orúkọ rẹ̀.

"Èmi ni," ni ó wí. "Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni mo lò."

Elinam yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Kí ni Sefakor ṣe fún ẹ?" Ohùn Dada Mawusi ti lọ sílẹ̀.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Dada. Elinam ni. Àwa méje là ń lo kọ̀ǹpútà kan. Tó bá ti gbé e, kì í fún ẹlòmíì. Aago á lù, kò ní tíì kàn mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti fọwọ́ kàn án. Mo rò pé tí wọ́n bá yọ ọ́, á kàn mí."

"Ó sì wá kan àlùbọ́sà mi?"

Dzifa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo kàn mú èyí tó máa bí àwọn àgbà nínú jù ni."

Mama Kosiwa kò bínú sí i. Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ni ó yíjú sí.

"Aku, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo máa ń fún un, Mama... tó bá ti kù díẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ kí kí ni ṣẹlẹ̀?"

"Kí aago tó lù."

"Ìyẹn ni pé o kì í fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn ẹ́ kì í ṣe tìrẹ. Èyí ni tìrẹ. Gbé e, kí o sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Agbenyo mi ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ìjà lásán-làsàn ni ohun èlò yìí ń dá sílẹ̀. Mo ní ká tì í pa."

"Yao," ni Mama Kosiwa wí, "bí ewúrẹ́ bá wọ oko àlùbọ́sà, ṣé àlùbọ́sà la máa hú dànù, àbí ọgbà la máa tún ṣe?"

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan kúrò lára ìdìpọ̀ náà, ó gbé e lé orí tábìlì Madam Akpene.

"Ọgbà ni, Mama."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Dzifa yóò kọ òtítọ́ sí ojú ewé kíláàsì, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Dada Mawusi ní ìyẹn nìkan kò tó.

"Àwọn oníbàárà mi ò mọ̀wé. Ẹnu ló gbé irọ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu ló máa gbé òótọ́ lọ bá wọn. Lọ́jọ́ ọjà, o máa bá mi lọ sí Anloga. Wàá dúró síwájú àwọn méjèèjì, wàá sì sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dada," ni Dzifa wí.

"Wàá sì jẹ lára àlùbọ́sà náà, kí wọ́n rí ẹ."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Dzifa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún.

Madam Akpene gbé aago ògiri kan kọ́ sí iwájú kíláàsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí kọ̀ǹpútà, bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dùn tó. Dzifa ni ó kọ́kọ́ jókòó. Elinam dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra wọn kí ó má baà na ìka sí i.

Kí wọ́n tó jáde, gbogbo wọn yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà. Olùkọ́ ní kí wọ́n so ohun mẹ́ta tí kò bára tan pọ̀, bí ẹni so ṣíbí mọ́ ìràwọ̀ mọ́ bàtà. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ níbẹ̀, tàbí ọjọ́ ìbí, tàbí kíláàsì. "Àgbàlagbà kan nílé ni kó mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Ọ̀rẹ́ ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, bí ẹ tilẹ̀ ń jẹun nínú àwo kan. Ẹni tó bá sì lo ṣíbí, ìràwọ̀ àti bàtà tí mo sọ yìí, n óò mọ̀ pé kò gbọ́ ohun tí mo wí."

*

Ní ìrọ̀lẹ́, Elinam bá ìyá àgbà lóko. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun náà sí i létí. Mama Kosiwa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ́ rẹ̀ mú.

"Kò sẹ́ni tó máa ronú kan ìyẹn láéláé!"

Dzifa ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, ó ru garawa omi. "Mama, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín tó báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti kànga ni. Máa lọ, omi rẹ ń dà."

Nígbà tí Dzifa kọjá, ẹ̀rín kúrò lójú ìyá àgbà. Ó tú fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kúrò ní ìdí ìró.

"Aku, nọ́ńbà àṣírí owó inú fóònù mi yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́ tí màmá ẹ bá fowó ránṣẹ́. Òun mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn náà mọ̀ ọ́n, torí mo máa ń pariwo ẹ̀ kó lè gbọ́. Ọdún tí wọ́n bí màmá ẹ ni. Mo sì jókòó níwájú kíláàsì láàárọ̀, mò ń bá yín rẹ́rìn-ín! Mú mi débi tí wọ́n ti ń yí i padà."

Elinam gba fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, ó dá a padà. "Ó dé bẹ̀, Mama. Ẹ tẹ mẹ́rin tuntun. Kí ni kí n bá yín tẹ̀?"

"Kò sí. Mo mọ òǹkà fúnra mi. Kọjú sí òkun."

"Mama! Ẹ̀yin mọ tèmi, èmi ò wá ní mọ tiyín?"

"Lọ́jọ́ tí o bá dàgbà, tí èmi bá di ọmọdé, n óò sọ fún ẹ. Kọjú sí òkun."

Elinam kọjú sí òkun. Ó gbọ́ tí fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mẹrin, díẹ̀díẹ̀. Kò wẹ̀yìn títí ìyá àgbà fi ní kí ó gbé agolo.

*

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má ka ìtàn yìí tán kí ẹ sì gbé e jù sílẹ̀. Bí ọmọ yín bá ti ń lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ẹ pè é lónìí. Ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí kíláàsì rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ jọ yí i padà kí ẹ tó sùn. Kí òbí tàbí alágbàtọ́ kan mọ èyí tuntun, kí ọ̀rẹ́ kankan má mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ́ ọmọ pé ohun tí kò lè fi ẹnu sọ lójú ẹni náà àti lójú ìyá ẹni náà, kò gbọdọ̀ fi ìka kọ ọ́. Kí ó ka ohun tí ó kọ sókè kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá rí èébú tí ẹlòmíràn kọ, kí ó má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí ó gbé e wá fún àgbàlagbà. Kí ó má sì wọ ojú ewé ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, bí ilẹ̀kùn ibẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bí ẹ bá rí orúkọ ọmọ kan lórí ọ̀rọ̀ burúkú, ẹ wádìí kí ẹ tó nà án. Bí ohun èlò kò bá kárí, ẹ fi aago pín in, nítorí pé ọmọ tí kò rí i lò yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà dé ìdí rẹ̀. Ẹ má sì rò pé kí ẹ ti gbogbo rẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni ọgbọ́n. Kọ̀ǹpútà tí a tì pa kò kọ́ ọmọ ní ìwà kankan. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá rí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé, yóò ṣe ohun tí Dzifa ṣe.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ sì ń pariwo nọ́ńbà àṣírí yín ní ìkóríta, ẹ kọ́kọ́ tún tiyín ṣe. Ọmọ ń wò yín.